Ilé Ọkọ̀ Onípáànù Títẹ̀

Ní ọdún 1916, Peter Nissen, ẹnjiníà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ páànù bí òṣùmàrè, ó sì fi kọ́ ilé. Ògiri rẹ̀ náà ni òrùlé rẹ̀; ìdí nìyí tí owó rẹ̀ fi mọ níwọ̀n.

Ẹ̀yin òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ wa àtijọ́ tí ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín kọ́ irú rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀kà, ẹ rántí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò. A lè fi ọ̀dà àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ di ìgbà mìíràn. A kò gbọdọ̀ ṣahun sí ìpìlẹ̀ àti bóòtì tí ó so irin mọ́ ọn. Ọlọ́gbọ́n inú òwe Olúwa wa mọ ibi tí ó kọ́lé sí. Àpáta kò sì wọ́n ní Àkókó.