OÚNJẸ ẸNI TÍ IṢẸ́ RẸ̀ JẸ́ ÌJÓKÒÓ

  

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ìjọ mọ́sálásí, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ náháwù. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ara sísan ni. Ohun tí ó sún mi débẹ̀ ni pé orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí nígbà tí mo bá fẹ́ dìde láti ìforíkanlẹ̀. Dókítà gbé mi lé òṣùwọ̀n, mo wọn 90 kílò. Ó ní ẹrù tí orúnkún ń gbé ni ó pọ̀ jù, kí n lọ dín in kù.

Mo kọ́kọ́ rò pé ebi ni oògùn rẹ̀. N kò jẹun àárọ̀, n kò jẹun ọ̀sán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, oúnjẹ tí mo ń jẹ tó ti ẹni méjì. Oṣù méjì kọjá, òṣùwọ̀n kò yẹ̀. Ìgbà náà ni mo padà lọ béèrè pé: báwo ni oúnjẹ tí ó tó mi ṣe pọ̀ tó gan-an? Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Kí ni à ń pè ní kálórì?

Bí a ti ń fi kílò wọn ẹran, tí a ń fi lítà wọn epo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń fi kálórì wọn agbára tí ó wà nínú oúnjẹ. Gíráàmù kan ṣúgà ní nǹkan bí kálórì 4. Gíráàmù kan epo tàbí ọ̀rá ní 9. Ara ń ná agbára yìí kódà nígbà tí a bá sùn, nítorí pé ọkàn ń lù, a ń mí, ọpọlọ sì ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ tí a fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ni ó ń gba ìyókù. Èyí tí a kò bá ná, ara yóò kó o pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyẹn. Àwọn bàbá wa ń fẹsẹ̀ rin lọ sóko, wọ́n ń kọ ebè, wọ́n ń ru iṣu bọ̀ wálé. Àwa ń jókòó láti òwúrọ̀ títí di Alásàrí, ọ̀kadà ni ó sì ń gbé wa relé. Bẹ́ẹ̀ náà ni aránṣọ, awakọ̀ àti ìyá tí ó jókòó ti ọjà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ àgbẹ̀ ni a ṣì ń jẹ.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀

Àwa tí a ń ṣírò ogún àti sàká, èyí kò lè le fún wa. Ní ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tí à ń pè ní Mifflin-St Jeor. Ẹ sọ ìwọ̀n ara yín ní kílò di ìlọ́po 10. Ẹ sọ gíga yín ní sẹ̀ntímítà di ìlọ́po 6.25. Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Ẹ sọ ọjọ́ orí yín di ìlọ́po 5, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Ọkùnrin yóò fi 5 kún èyí tí ó kù. Obìnrin yóò yọ 161.

Ẹni ọdún 45 ni mí, mo ga ní sẹ̀ntímítà 170. 900 àti 1062.5 jẹ́ 1962.5. Yọ 225, fi 5 kún un, ó di 1742.5. Èyí ni ara mi ń ná bí mo bá tilẹ̀ dùbúlẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Fún ẹni tí ó ń jókòó ṣiṣẹ́, a ó sọ ọ́ di ìlọ́po 1.2. Tèmi di 2091. Obìnrin ọlọ́dún 40 tí ó wọn 80 kílò, tí ó ga ní 160, tí ó ń jókòó ránṣọ, tirẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí 1727. Ara yàtọ̀ síra, nítorí náà òṣùwọ̀n ni yóò jẹ́rìí sí ìṣirò.

Bí mo bá ń jẹ 2091 lójúmọ́, bí mo ti wà ni n ó wà. Ẹni tí ó fẹ́ fúyẹ́ yóò yọ nǹkan bí 500 lójúmọ́, èyí tí í ṣe 3500 lọ́sẹ̀. Kílò kan ọ̀rá ara tó nǹkan bí kálórì 7700. Nítorí náà, bí ìdajì kílò ni yóò máa lọ lọ́sẹ̀ kan. Kí a má kánjú.

Níbo ni ó sá pamọ́ sí?

Fún ọjọ́ méje, mo kọ gbogbo ohun tí ó wọ ẹnu mi sílẹ̀. Ìgbà náà ni ojú tì mí. Èmi tí mo ní n kò jẹun, ẹlẹ́rìndòdò méjì ni mò ń mu lójúmọ́, ọ̀kan ní ilé kéwú, ọ̀kan nílé. Ìgò tí ó ní ṣúgà gíráàmù 35 jẹ́ kálórì 140. Méjì jẹ́ 280. Ṣíbí ńlá kan epo pupa tàbí òróró jẹ́ 120, a sì lè yọ méjì kúrò nínú ìpín mi nínú ọbẹ̀ àti dòdò láìba adùn jẹ́. Ìyẹn jẹ́ 240. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 520. Ohun tí ó yẹ kí n yọ nìyẹn, n kò sì tíì fọwọ́ kan àmàlà mi!

Ìrìn dára fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi tan ara yín jẹ. Ẹni 90 kílò tí ó rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò ná nǹkan bí 150. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwẹ̀ tí a fi àkàrà, ẹran díndín àti ohun dídùn ṣínu rẹ̀. Ìwọ̀n ara lè lékún nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ tí ó ń dàgbà kò gbọdọ̀ fi ebi pa ara rẹ̀. Aboyún, ìyá tí ó ń fún ọmọ lọ́mú, àti ẹni tí ó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Kí ọkùnrin má jẹun tí kò tó 1500, kí obìnrin má jẹun tí kò tó 1200, àfi bí dókítà bá ní kí ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Oṣù mẹ́fà rèé, mo wọn 82 kílò. Nítorí pé ara fúyẹ́, 2091 mi ti di 1995, ó sì yẹ kí n tún ìṣirò mi ṣe. Ṣùgbọ́n mo ń dìde láti ìforíkanlẹ̀ láìdi nǹkan mú. Ànábì wa ti kọ́ wa pé kí a pín ikùn sí mẹ́ta: oúnjẹ, omi, àti èémí. A ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ìṣirò ni a kò ṣe.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi máa sìn Ín. Àmín.