Omi Tó Dúró, Sìmẹ́ǹtì Tó Là: Ẹ Tún Àyíká Ilé Ṣe Kí Ẹ Tó Tà Á

Ọ̀rọ̀ ilé títà la gbé wá lónìí. Ẹ lè máa bi ara yín pé kí ló kan ìlera nínú ilé títà. Ó kàn án gan-an ni. Bí èèyàn bá fẹ́ ta ilé, á kun ògiri, á pààrọ̀ páànù tó ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé tí omi ìwẹ̀ ń gbà, gọ́tà tó ti wó, ẹ̀gbẹ́ kànga tó ti là, ta ló ń wo ibẹ̀? Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni àìsàn ń gbé. Ẹni tó bá ra ilé yẹn máa kó ọmọ wọ inú rẹ̀. Kí oníbàárà tó dé pàápàá, àwa àti ọmọ wa la ṣì wà níbẹ̀.

Omi tó dúró

Ní Pira níbí, àti káàkiri Bantè dé Savalou, òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, á máa rọ̀ títí di oṣù kẹwàá. Ibikíbi tí ilẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì bá ti tẹ̀ sísàlẹ̀, omi á dúró síbẹ̀. Ẹ̀fọn á wá yé ẹyin sínú rẹ̀. Láti ìgbà tó bá yé e títí di ìgbà tí ẹ̀fọn tuntun á fò jáde, bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì péré ni. Ẹ̀fọn tó ń fa ibà fẹ́ràn omi òjò tó mọ́, irú èyí tó ń dúró lórí kọnkéré tó ti jìn. Omi dúdú inú gọ́tà tó dí náà ní ẹ̀fọn tirẹ̀ tó ń bí.

Ibà yìí ló ń gbé àwọn ọmọ wa lọ sílé ìwòsàn jù lọ ní Benin. À ń sùn nínú nẹ́ẹ̀tì lóru, ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí omi bá ń dúró lẹ́yìn ilé, àwa fúnra wa là ń sin ẹ̀fọn.

Sìmẹ́ǹtì tó là

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ohun tó ń wọ inú sìmẹ́ǹtì tó là ní ẹ̀gbẹ́ kànga burú ju aláǹgbá lọ. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Òyìnbó.

Ní ọdún 1854, ní Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù, àrùn onígbáméjì pa èèyàn tó lé ní 600 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà John Snow ló ṣàkíyèsí pé ẹnu kànga kan báyìí ni ọ̀pọ̀ àwọn tó kú ti ń pọnmi. Lẹ́yìn náà ni àlùfáà àdúgbò náà, Henry Whitehead, wádìí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé ìyá kan wà nítòsí kànga náà tí ọmọ rẹ̀ jòjòló ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ìyá yìí fọ àkísà ìdí ọmọ, ó da omi rẹ̀ sí kòtò ẹ̀gbin ilé. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ wò, bíríkì tí wọ́n fi mọ kòtò náà ti jẹrà, kò sì jìnnà sí kànga tó mítà kan. Omi ẹ̀gbin ń jò lọ sínú omi mímu. Ohun tí gbogbo abiyamọ ń ṣe ni ìyá yẹn ṣe, kò mọ nǹkan kan. Bíríkì tó jẹrà ló gbé ikú dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò.

Tiwa náà ńkọ́? Omi tí a fi fọṣọ ọmọ, ìgbẹ́ ewúrẹ́, ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀: bí sìmẹ́ǹtì tó yí kànga ká bá ti là, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà padà sínú omi tí à ń mu.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó ra sìmẹ́ǹtì. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ wo ibi tí àgbàrá ń gbà. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ da garawa omi mélòó kan sílẹ̀, kí ẹ wo ibi tó ń lọ àti ibi tó ń dúró sí. Ibi tó bá dúró sí ni iṣẹ́ wà. Ẹ ko ẹrẹ̀ àti ọ̀rá inú gọ́tà kúrò, kí ẹ tún ibi tó wó mọ. Ẹ má ṣe darí omi sí ilé aládùúgbò o, ìjà àti àìsàn lẹ ń rán sí i.

Bí kò bá sí gọ́tà tí omi ìwẹ̀ lè bá lọ, ẹ gbẹ́ kòtò, kí ẹ kó òkúta kún un, kí ilẹ̀ lè máa fa omi mu. Kí ó jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé. Kí òun àti ṣálángá jìnnà sí kànga tó mítà 30.

Ó wá kan sìmẹ́ǹtì. Ẹ ní kí bíríkìlà fi òòlù kan kọnkéré náà díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń dún bí igbá òfìfo, abẹ́ rẹ̀ ti ṣófo: kí ó fọ́ ibẹ̀, kí ó gún ilẹ̀ rẹ̀ le, kí ó tó da tuntun sí i. Bó bá jẹ́ pé ó là lásán, kí ó la ojú rẹ̀ sí i, kí ó gbá eruku kúrò, kí ó wọ́n omi sí i, kí ó tó fi sìmẹ́ǹtì òṣùwọ̀n kan àti yanrìn òṣùwọ̀n mẹ́ta dí i. Ní gbogbo mítà kan, kí ojú rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀ síwájú, kí omi lè máa sá kúrò lára ògiri àti kànga. Sìmẹ́ǹtì tó yí kànga ká gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà kan, ó kéré tán.

Nígbà ọyẹ́, sìmẹ́ǹtì máa ń tètè gbẹ, á sì tún là. Ẹ fi àpò tí a rẹ sómi bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje. Sìmẹ́ǹtì tútù máa ń jó ara. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa, kí ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn. Lẹ́yìn iṣẹ́ kànga, ẹ bi òṣìṣẹ́ ìlera léèrè oògùn tí a ń dà sí omi, kí ẹ tó tún mu ún.

Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀

Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sìmẹ́ǹtì fẹ́ẹ́rẹ́ pa á lójú, ẹni tó bá rà á ló máa bá a yí." Òjò àkọ́kọ́ á tú àṣírí yẹn. Ẹ̀yin tó ń ta tòmátì mọ̀ pé bí oníbàárà bá rí ẹyọ kan tó ti rà lókè apẹ̀rẹ̀, á ní ti ìsàlẹ̀ náà ti rà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá rí àmì omi nídìí ògiri ṣe máa já owó ilé wálẹ̀, ohun tó máa yọ níbẹ̀ sì lè ju owó àpò sìmẹ́ǹtì mélòó kan lọ. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ sì sọ fún un ibi tí ẹ tún ṣe.

Àgbàrá òjò ò ní òun ò ní í wó ilé, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ má gbà fún un o, ẹ̀yin ìyá wa. Kí ilé tí ẹ tà san ẹni tó rà á, kí owó rẹ̀ san ẹ̀yin náà. Ó dìgbà kan ná.