Nígbà tí Ahọ́n Kò Mọ Adùn Mọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n tí ń gbé ní Magboro, Ibafo àti Mowe, ìlú Ọ̀fàdà kò jìnnà sí yín, ẹ sì mọ irú ìrẹsì tí ń ti ibẹ̀ jáde. Ẹ wá fi ojú inú wo ẹni tí ó jókòó ti àwo rẹ̀, tí òórùn irú ń ta sánsán sí i ní imú, ṣùgbọ́n tí ìhà kan ahọ́n rẹ̀ kú bí igi, tí kò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà níbẹ̀. Irú èyí a máa bá ẹlòmíràn lẹ́yìn tí a bá yọ eyín rẹ̀.

Eyín tí ń hù kẹ́yìn gbogbo ní párì ìsàlẹ̀, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní eyín ọgbọ́n, ni ó sábà ń dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára kan, tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ sí ahọ́n. Ọ̀nà méjì ni ó wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ń gbé ìfọwọ́kàn, ooru àti ìrora, èkejì ń gbé adùn àti ìkorò láti ìdá méjì nínú mẹ́ta ahọ́n ní iwájú. Inú etí ni èkejì yìí gbà kọjá kí ó tó dé ọpọlọ, nítorí náà ni àìsàn etí pẹ̀lú fi lè ba adùn ẹnu jẹ́. Ẹ má ṣe pa á pọ̀ mọ́ ti àrùn Kòrónà ọdún 2020, nítorí imú ni ìyẹn bà jẹ́ jù.

Ní ọdún 1850, Augustus Waller, dókítà ará Ìlú Ọba, gé iṣan ahọ́n àwọn àkèré, ó sì fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n. Ó rí i pé apá tí a gé kúrò lára orísun rẹ̀ ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tí ó kù sí ìhà ọpọlọ kì í kú. A máa rú jáde bí igi ewúro tí a gé, ní nǹkan bí mílímítà 1 ní ọjọ́ kan. Bí awọ tí ó bo iṣan náà kò bá já, ó ní ọ̀nà tí yóò tọ̀; bí ó bá já pátápátá, àwọn ẹ̀ka tuntun a ṣìnà sínú àpá.

Èyí tí ó yà wá lẹ́nu jù ni ti àwọn ohun kéékèèké tí ń tọ́ oúnjẹ wò lórí ahọ́n. Nǹkan bí ọjọ́ 10 péré ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò, tí òmíràn a sì rọ́pò wọn. Bí iṣan wọn bá já, wọn a rọ. Bí iṣan bá padà dé, wọn a tún hù.

Ọ̀pọ̀ irú ìpalára yìí ni ó ń san fúnra rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, a ó sì máa rí i bí ẹni pé èèrà ń rìn lórí ahọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí oṣù 3 bá kọjá lórí rẹ̀ tí ahọ́n kò tíì mọ nǹkan kan, kí ó má ṣe jókòó. A kò bú àgbo, ṣùgbọ́n àgbo kò lè so okùn tí ó já. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ẹnu àti párì wà ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì ní Ìdí-Àràbà àti ní Ìbàdàn, ojú ọ̀nà kan náà tí ó gba Magboro ni a sì ń gbà lọ sí méjèèjì. A lè rán iṣan náà pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń pẹ́ ni ìrètí ń dínkù; adùn pàápàá sì lè má padà tán.

Títí di ìgbà náà, ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀kọ gbígbóná, nítorí ahọ́n tí ó kú kò mọ̀ pé òun ń jóná. Kí olóúnjẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a tọ́ ọbẹ̀ wò. Kí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru má ṣe máa bu iyọ̀ kún iyọ̀. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí a yọ eyín náà sílẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ahọ́n mọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí dókítà yóò bi yín.