Ṣé o mọ̀? Chip tí a lè tún kọ

FPGA ni chip tí kò ní iṣẹ́ kan pàtó nígbà tó kúrò ní ilé-iṣẹ́. Ẹni tó rà á ló máa fi èdè bíi VHDL tàbí Verilog kọ bí àwọn búlọ́ọ̀kù inú rẹ̀ yóò ṣe so kọ́ra. Lónìí ó lè jẹ́ aago. Lọ́la, kó máa darí iná tó ń darí ọkọ̀ l'Óṣòdì, níbi tí iṣẹ́ kò ti ní wọ́n ọn. Xilinx ti Amẹ́ríkà ló gbé àkọ́kọ́ rẹ̀, XC2064, jáde ní 1985. Búlọ́ọ̀kù 64 péré ló ní.

Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, ètò iLab tí wọ́n bá MIT ṣe gbé irú chip yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè lò ó láti òkèèrè. Ẹni tó wà ní Ìsọlọ̀ tí kò ní pátákó FPGA lè fi sọ́fítíwià GHDL, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, dán VHDL tó kọ wò lórí kọ̀ǹpútà.