Ọ̀bẹ̀dò Inú Adágún Ẹja: Ǹjẹ́ Ó Lè Di Epo?

Nígbà tí owó epo tí a ń dà sínú ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ bá ń gòkè, kò ṣòro fún ẹni tí ó bá ní òun lè rí epo yọ nínú omi adágún láti rí owó ẹgbẹ́ gbà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí ó bá ń sin ẹja mọ ọ̀bẹ̀dò, ohun àwọ̀ ewé tí ó máa ń bo omi bí ìgbẹ́ adìẹ tàbí àjẹkù oúnjẹ ẹja bá pọ̀ nínú rẹ̀. Algae ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè é. Oòrùn ni ó fi ń ṣe oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo ti ń ṣe. Oríṣi rẹ̀ kan ń kó epo pamọ́ sínú ara, a sì lè sọ epo náà di dísù.

Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ̀dò kì í dá gbé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí à ń pè ní bakitéríà wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ń jẹ ìgbẹ́ inú omi, wọ́n sì ń sọ ọ́ di ajílẹ̀ tí ọ̀bẹ̀dò lè lò. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá mí síta ni ọ̀bẹ̀dò ń lò ní ọ̀sán. Èyí tí ọ̀bẹ̀dò bá tú jáde ni àwọn náà fi ń mí. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé nínú oríṣi ọ̀bẹ̀dò 326, èyí tí ó ju ìdajì lọ ni kò lè ṣe láìsí fítámínì B12, àti pé bakitéríà lè fún un. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa alájẹṣẹ́kù.

Ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá ni kí àwọn méjèèjì jọ pèsè epo. Bí bakitéríà tí ó yẹ bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ọ̀bẹ̀dò a máa yára dàgbà. Bakitéríà mìíràn a sì mú kí ó dì pọ̀, kí ó rì sí ìsàlẹ̀, kí ó lè rọrùn láti kó.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Nínú lítà 1 omi adágún, ọ̀bẹ̀dò gbígbẹ kì í sábà ju gíráàmù 1 lọ. Dúrọ́ọ̀mù oní lítà 200 kò ní fún wa ju gíráàmù 200 lọ, apá kan rẹ̀ nìkan ni ó sì jẹ́ epo. Owó tí a ó fi sẹ́ ẹ, tí a ó fi sá a gbẹ, lè ju owó epo náà lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí rẹ̀ láti 1978 títí di 1996, wọ́n sì dáwọ́ dúró. Ilé-iṣẹ́ ExxonMobil bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2009, ó fi í sílẹ̀ ní 2023.

Bakitéríà tilẹ̀ lè ṣiṣẹ́ fún wa lónìí láìsí ọ̀bẹ̀dò. Ìgbẹ́ màlúù tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀ tí a pò mọ́ omi nínú táńkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ a máa mú gáàsì ìdáná jáde. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù jẹ́ ajílẹ̀ fún oko. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti sọ ìdọ̀tí ilé-ẹran Bódìjà di gáàsì gba ẹ̀bùn SEED ní 2005. Ṣùgbọ́n gáàsì náà ń gbiná, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ni kí ó kọ́ táńkì rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ta ìpín epo ọ̀bẹ̀dò fún ẹgbẹ́ yín, kí alága, akọ̀wé àti akápò bi í pé: lítà epo mélòó ni yóò jáde nínú lítà omi mélòó? Èló ni a ó ná láti yọ ọ́? Ta ni yóò rà á? Bí kò bá lè fi ìṣirò dáhùn, ẹ má ṣe fọwọ́ kan owó ẹgbẹ́. Owó gbogbo wa ni, ìpàdé gbogboogbò ni ó sì ni àṣẹ lórí rẹ̀.