Jákàńdè: Ohun tí apá gómìnà ká, tí apá mínísítà kò ká

Láàárín Agbojú sí Mile 2 nílùú Èkó, iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba méjì ló wà nílẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ Festac fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ọdún 1977. Ẹ̀sítéètì tí gbogbo èèyàn ń pè ní Jákàńdè, Ìpínlẹ̀ Èkó ló kọ́ ọ: ilé alájà tí kò ní fáàrí kankan lára, aṣọ sísá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, nísàlẹ̀ ẹ̀wẹ̀, fèrèsé pálọ̀ ti di ojú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti omi tútù.

Oníròyìn ni Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè tí ẹ̀sítéètì náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1929. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Tribune ló ti sún mọ́ olóṣèlú Awólọ́wọ̀ débi tí wọ́n fi ń pè é ní Baba Kékeré. Ẹ̀wọ̀n 1963 náà, wọ́n jọ ṣe é ni, 1966 ni wọ́n tó dá wọn sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di October 1, 1979, ó ti di gómìnà Èkó lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN.

Ó bọ́ sí àkókò tó dáa. Òfin ilẹ̀ tí ológun ṣe ní 1978 ti kó ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ gómìnà rẹ̀. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ Jákàńdè, LSDPC, ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí yóò kọ́lé, wà nílẹ̀, kò sì sí pé ó ń dúró de ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni lókè. Wọ́n ní ilé tó lé ní 30,000 ló kọ́ láàárín ọdún mẹ́rin. Ó tún fòpin sí ètò pé àwọn ọmọ kan ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án. Àwọn alátakò pe kíláàsì tó kọ́ ní ilé adìyẹ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Ọmọ tó ti ń dúró de ọ̀sán rí ìjókòó láàárọ̀.

Ọkọ̀ ojú irin tó fẹ́ ṣe fún Èkó ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Ológun gbàjọba ní December 31, 1983, nígbà tó sì di 1985, ìjọba Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ náà. Owó Èkó tó lé ní mílíọ̀nù méjìdínlọ́gọ́rin dọ́là bá a lọ.

Ní 1993, Jákàńdè gba ipò mínísítà iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé lábẹ́ ìjọba ológun Abacha. Àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ ní kó jáde, ó kọ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbàgbé. Lójú tèmi, ohun tó pàdánù ju ohun tó rí gbà lọ. Ilé 121,000 ni wọ́n ṣèlérí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n mínísítà kò nílẹ̀ tirẹ̀, owó kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀, ọ̀gá ológun kan ṣoṣo ló sì lè lé e lọ nígbàkigbà. Èyí tí wọ́n rí kọ́ kò tó nǹkan. Ní 1995, Abacha tú àwọn mínísítà ká.

Jákàńdè kú ní February 11, 2021. Ní January 2023, ààrẹ ilẹ̀ Nàìjíríà wá ṣí ọkọ̀ ojú irin Èkó láti Marina dé Mile 2. Buhari kan náà ni. Ará Agbojú tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ ṣì ní láti wọ dánfó délé, nítorí ìpín kejì, èyí tó ń lọ sí Okokomaiko, ni yóò gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá.