Aboyún ìbejì: Bí Táíwò bá dé tán, ta ló dúró de Kẹ́hìndé?

Ní agbo ilé tó bá wà ní Bẹyẹrúnkà tàbí lẹ́yìn Gbọ̀ngàn Mápó, ayọ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ pé ìbejì ló wà nínú ìyàwó ilé. Ìyá ọkọ á ti máa ro ẹ̀wà tí wọn yóò sè. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbẹ̀bí, ohùn á yí padà. Àwọn àgbà á ní wọn kò la inú ẹnikẹ́ni rí nínú ilé àwọn. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì á ní bí obìnrin Hébérù ni yóò bí, àwọn onímọ́ṣáláṣí náà á ṣe àdúà àbíyè. Ọkọ ní tirẹ̀, owó ló ń rò.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ènìyàn díẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander, tó ṣe ìwádìí nípa ìbejì ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún ó lé sẹ́yìn, rí i pé nínú ìbímọ 1,000, ó ju 40 lọ tó jẹ́ ìbejì. Kò sí ibòmíràn lágbáyé tí a mọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń wò ni bí Táíwò ṣe sùn nínú ìyá rẹ̀. Nínú aboyún ìbejì mẹ́wàá, bíi mẹ́jọ ni Táíwò máa ń dorí kodò nígbà tí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá dé. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, tí kò sì sí wàhálà mìíràn, ìyá lè bí fúnra rẹ̀. Lọ́dún 2013, àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín aboyún ìbejì bíi 2,800 ní orílẹ̀-èdè 25. Gbogbo wọn ni Táíwò wọn dorí kodò. Wọ́n ṣètò iṣẹ́ abẹ fún ìdajì, wọ́n ní kí ìdajì yòókù gbìyànjú láti bí fúnra wọn. Ìyàtọ̀ kò sí nínú ewu tó dé bá àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìí jó. Nínú àwọn tí wọ́n ní kó bí fúnra wọn yẹn, ó ju 40 lọ nínú ọgọ́rùn-ún tó padà di iṣẹ́ abẹ. Ilé ìwòsàn tí wọ́n wà ní dókítà tó mọṣẹ́ àti yàrá iṣẹ́ abẹ tó ti wà ní sẹpẹ́.

Ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé ló fà á. Àwa Yorùbá ní òun ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táíwò wá tọ́ ayé wò. Nínú yàrá ìkúnlẹ̀, òun gan-an ni ewu máa ń bá jù. Bí Táíwò bá ti jáde, àyè á gba Kẹ́hìndé láti yí padà, ó sì lè dábùú. Okùn ìwọ́ lè ṣáájú orí rẹ̀ jáde, ibi ọmọ sì lè ya kó tó bí. Dókítà tó mọwọ́ lè fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde bí ìgbà tí wọ́n ń gbẹ̀bí Ìgè. Bí kò bá ṣeé ṣe, abẹ ni wọn yóò fi gbé Kẹ́hìndé, lẹ́yìn tí ìyá ti bí Táíwò fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ilé ọmọ tó ti fẹ̀ jù lè má tètè sún kì, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ṣàn.

Àwọn obìnrin Hébérù tí wọ́n fi ń gbàdúrà yẹn, kí agbẹ̀bí tó dé ni wọ́n ti ń bí tán. Aboyún ìbejì kọ́ ló yẹ kí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí.

Àwọn kan wà tí iṣẹ́ abẹ tọ́ sí láìjanpata: bí ìdí tàbí ẹsẹ̀ Táíwò bá ló ṣáájú, bí ibi ọmọ bá dí ojú ọ̀nà, tàbí bí àwọn méjèèjì bá wà nínú àpò omi kan ṣoṣo. Èyí tó kẹ́yìn yìí, àyẹ̀wò síkáànù ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń fi hàn dáadáa jù. Bákan náà, iṣẹ́ abẹ kì í ṣe ọ̀nà àbùjá. Ó ní ewu ẹ̀jẹ̀ àti kí ojú abẹ kẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ti fi abẹ gbẹ̀bí fún kò sì gbọdọ̀ lọ bí oyún mìíràn nílé, torí ojú àpá inú ilé ọmọ lè ya.

Láti Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtu kò jìnnà, UCH tí wọ́n ṣí lọ́dún 1957 náà wà nígboro. Òru ni ìṣòro. Ọ̀pọ̀ agbo ilé àtijọ́ ni mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹsẹ̀ ni aboyún yóò fi gba àárín ilé já sí títì. Ó sì lé ní ìdajì ìbejì tó ń wá kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37. Ẹni tó bá ní òun ń dúró de oṣù kẹsàn-án kó tó pinnu, ó lè ti pẹ́.

Ní ti owó, ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, mínísítà ètò ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Muhammad Ali Pate, kéde pé ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí yóò jẹ́ fún àwọn obìnrin aláìní. Ọjọ́ tí aboyún bá lọ forúkọ sílẹ̀ ni kí wọ́n ti béèrè bóyá ilé ìwòsàn náà wà nínú ètò yìí, kí wọ́n sì béèrè bóyá dókítà àti yàrá iṣẹ́ abẹ máa ń wà lóru. Kí ọkọ wá ẹbí méjì tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kó sì bá awakọ̀ kan ládùúgbò sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ìyá tó lóyún lè fọwọ́ síwèé iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀. Kò dìgbà tí bàálé bá ti oko dé.